Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀ Kan Ṣoṣo Tó fún Gbogbo Ìpínlẹ̀

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní òmíràn

Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni ariwo ti ń sọ ní Gáréèjì Ìkòròdú. Àwọn kan ń ké pe èrò Ṣágámù, àwọn mìíràn ń ké pe èrò Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn tí ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ń wá ọkọ̀ tiwọn, àwọn tí ń lọ sí Mile 12 sì ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ìdí bọ́ọ̀sì. Nínú àwọn awakọ̀ tí ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí kò sun Ìpínlẹ̀ Èkó mọ́jú. Ògijó ni ẹlòmíràn ti jí, Ṣágámù ni ilé ẹlòmíràn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni aya àti ọmọ wọn wà, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Bákan náà ni a rí àwọn ará Ìkòròdú tí wọ́n ń wa ọkọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ògijó, tí wọ́n ń rékọjá ààlà ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń padà wálé ní alẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ kejì, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti ìpínlẹ̀ wo ni ó yẹ kí ó ní lọ́wọ́? Àwọn kan ń sọ pé ti ibi iṣẹ́ ni. Àwọn mìíràn ń sọ pé ti ibi tí ènìyàn ń sùn ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn léwu jù ni àwọn tí ń sọ pé kí ó gba méjèèjì, kí ọ̀kan wà fún ọ̀nà Èkó, kí èkejì sì wà fún ọ̀nà Ṣágámù. Àìmọ̀ yìí ni àwọn alárinà fi ń jẹun, òun ni ó sì ń kó àwọn tálákà sí wàhálà.

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn rárá. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, kò sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti Èkó, kò sì sí ti Ògùn. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni ó wà, ti orílẹ̀-èdè ni, agbára rẹ̀ sì dọ́gba ní gbogbo ìpínlẹ̀. Bí náírà tí a gbà ní ọjà Ìkòròdú ti ṣeé ná ní ọjà Ṣágámù láìsí pé a kọ́kọ́ lọ pàrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé àṣẹ yìí rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó kù tí ibùgbé ẹni ń ṣe nínú rẹ̀.

BÍ ÀÀLÀ ṢE DÉ OJÚ Ọ̀NÀ ÌKÒRÒDÚ

Ààlà tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti Ṣágámù kì í ṣe ohun àtayébáyé. Ìtàn àwọn àgbà so Ìkòròdú mọ́ àwọn Rẹ́mọ, àwọn Ìjẹ̀bú sì ti ń gbé ọjà wá sí Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ní etí ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kankan sórí àwòrán ilẹ̀.

Ní ọdún 1954, nígbà tí a ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún Ìjọba Àpapọ̀, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Awakọ̀ tí ó bá gbéra ní Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù nígbà náà kò kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Ẹni tí ó bá forí lé Èkó ni ó ń rékọjá ààlà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, a sì kó Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ ìlú Èkó. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Ọ̀nà Èkó di ọ̀nà inú ilé, ọ̀nà Ṣágámù sì di ọ̀nà tí ó kọjá ààlà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, ìyẹn Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Ògùn. Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìtàn yìí yóò rí i pé àwọn ènìyàn kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ààlà ni ó ń ṣí kiri. Ìdí nìyí tí kò fi bá ọgbọ́n mu pé kí àṣẹ tí ènìyàn fi ń wa ọkọ̀ máa kú nígbà tí táyà ọkọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá Ògijó.

BÍ ÌWÉ ÀṢẸ ÌWAKỌ̀ ṢE DI TI ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Ní àkókò ìjọba ẹkùn, òfin ojú pópó wà lọ́wọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ìpínlẹ̀ tí ó rọ́pò wọn sì jogún rẹ̀. Ní ọdún 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìjàǹbá ọkọ̀ tí ó pọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, Ìjọba Àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣóyínká náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lára iṣẹ́ tí òfin gbé lé àjọ yìí lọ́wọ́ ni pé kí ó ṣe ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ tí yóò jẹ́ irú kan náà níbi gbogbo. Òfin ọdún 2007 ni ó gbé àjọ náà ró báyìí. Ní ọdún 2011, a tún ètò ìwé àṣẹ náà ṣe, ó sì di ohun tí a ń fi àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka ènìyàn pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹnì kan má baà lè gba méjì pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò jáde kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó ń gbé ìwé àṣẹ kan jáde. Èkíní ni àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí ń yẹ ọkọ̀ wò, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní V.I.O.; àwọn ni ó ń dán ènìyàn wò bóyá ó mọ ọkọ̀ wà. Èkejì ni ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó owó tí ó wọlé. Ẹ̀kẹta ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ń ya àwòrán, tí ń gba ìtẹ̀ka, tí ó sì ń tẹ káàdì náà. Nítorí pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi rò pé ìwé àṣẹ náà jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a gbẹ̀bí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ọmọ agbẹ̀bí.

NÍBO NI KÍ ÈNÌYÀN TI GBÀ Á?

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ó ní láti kọ́ ọkọ̀ wíwà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIN. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń kọ ìwé ìbéèrè. Ibẹ̀ ni a ó ti bi í ní ìpínlẹ̀ àti ibùdó tí ó fẹ́ lò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí ó yàn, tí yóò sì lọ sí ibùdó náà fún àwòrán àti ìtẹ̀ka.

Ọ̀rọ̀ yíyàn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tí ń gbé níhìn-ín tí ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Awakọ̀ tí ń gbé ní Ògijó lè ṣe é ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ilé rẹ̀ wà, ó sì lè ṣe é ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Káàdì tí yóò jáde kò ní yàtọ̀ ní agbára. Ṣùgbọ́n kí ó tó yàn, kí ó rántí pé ẹsẹ̀ kan kò tán an. Ó lè ní láti lọ fún ìdánwò lọ́jọ́ kan, kí ó lọ fún àwòrán lọ́jọ́ mìíràn, kí ó sì tún padà lọ gba káàdì. Ibùdó tí a ti ya àwòrán ẹni ni a ti ń gba káàdì. Ẹni tí ó bá yàn ibi tí ó jìnnà nítorí pé ẹnì kan sọ pé ibẹ̀ yá yóò fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ san án. Nítorí náà, ibi tí ó bá rọrùn fún un láti padà sí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni kí ó yàn.

Bí káàdì kò bá tíì jáde, a máa ń fún ènìyàn ní ìwé ìgbà díẹ̀. Ìwé yìí náà lágbára ní gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí yóò kú, a sì kọ ọjọ́ náà sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ń fi í sínú àpò tí wọn kì í sì í wò ó mọ́ títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá. Bí a bá mú wọn lẹ́yìn náà, wọn a máa sọ pé nítorí pé Èkó ni wọ́n ti gbà á ni wọ́n ṣe mú wọn ní Ògùn. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí ó kọjá ni ó mú wọn.

ÀDÍRẸ́SÌ ÒTÍTỌ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òfin tilẹ̀ gba ènìyàn láyè láti yan ibùdó, kò gbà á láyè láti purọ́ nípa ilé rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé ní ti gidi ni kí ó kọ sílẹ̀. Kí ẹni tí ń gbé ní Ògijó kọ Ògijó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkòròdú ni ó ti ń gba káàdì. Kí ó má ṣe kọ àdírẹ́sì gáréèjì tàbí ti ọ̀gá rẹ̀ tàbí ti àbúrò rẹ̀ nítorí pé ó rò pé yóò rọrùn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tí awakọ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀, káàdì inú àpò rẹ̀ ni àwọn olùgbàlà yóò kọ́kọ́ wò. Bí àdírẹ́sì náà bá jẹ́ òtítọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò gbọ́ ní kíákíá. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ó lè wà ní ilé ìwòsàn títí tí aya rẹ̀ yóò fi máa wá a kiri láàárín ìpínlẹ̀ méjì. Bí ènìyàn bá kó kúrò níbi tí ó ń gbé, ọ̀nà wà láti ṣe àtúnṣe sí ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, kí a sì tẹ káàdì tuntun fún un. Kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìwé rí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù láti kọ ilé wọn nítorí owó orí. Wọ́n rò pé ìpínlẹ̀ méjèèjì yóò máa lé wọn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìlànà tí a ti ń tẹ̀lé nípa owó orí ti pẹ́: ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ni owó orí tí a ń san lórí èrè iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ó kàn ń kọjá lọ ṣiṣẹ́. Òtítọ́ nípa ilé ẹni kò sọ owó orí di méjì. Irọ́ ni ó máa ń fa ìbéèrè.

ÀWỌN OHUN TÍ A MÁA Ń ṢÌ PÈ NÍ ÌWÉ ÀṢẸ

Lára ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ìwé tí awakọ̀ ń kó kiri pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Ó dára kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nọ́ńbà ọkọ̀ jẹ́ ti ọkọ̀, kì í ṣe ti awakọ̀. A ń kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sára rẹ̀ pẹ̀lú oríkì ìpínlẹ̀ náà ní èdè Òyìnbó, tí ó ń fi hàn pé Èkó ni tàbí Ògùn. Ẹni tí ó rí KRD lára ọkọ̀ mọ̀ pé Ìkòròdú ni a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣágámù lè wa ọkọ̀ tí ó ní nọ́ńbà Ìkòròdú, ọmọ Ìkòròdú sì lè wa ti Ṣágámù, láìṣẹ̀ sí òfin kankan.

Àwọn ìwé ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó fi hàn pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó àti ìwé àṣẹ láti fi ọkọ̀ kó èrò fún owó, tẹ̀lé ọkọ̀ náà. Ìpínlẹ̀ tí a ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni ó ń bójú tó wọn. Olówó ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n awakọ̀ ni a ó dá dúró bí wọn kò bá pé. Nítorí náà, kí awakọ̀ wò wọ́n kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ìpínlẹ̀ Èkó tún ní ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ wíwà ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí a ń pè ní LASDRI. Níbẹ̀ ni a ti ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ tí a sì ń yẹ ara wọn wò. Ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò rọ́pò ìwé àṣẹ ìwakọ̀, àfikún ni. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ kó èrò ní Èkó, yálà Èkó ni ó ń sùn tàbí Ògùn, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí ó kàn án. Níhìn-ín, ibi iṣẹ́ ni a ń wò, kì í ṣe ilé.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń já ní gáréèjì ní òròòwúrọ̀, owó ọjọ́ ni. Kò sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ ÌWÉ ÀṢẸ NÁÀ GBÀ

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ká àwọn awakọ̀ gáréèjì lára ju ọ̀rọ̀ ààlà lọ. Lẹ́tà kan wà lára ìwé àṣẹ tí ń sọ irú ọkọ̀ tí ẹni náà lè wà. A ni ti alùpùpù. B ni ti ọkọ̀ kékeré tí kò tó tọ́ọ̀nù 3, tí a kò sì fi kó èrò fún owó. C gba ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù 3, títí kan takisí. D ni ti ọkọ̀ tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kì í kó èrò fún owó. E gba gbogbo ọkọ̀ àfi alùpùpù àti ọkọ̀ akẹ́rù gígùn tí ń fa trélà. F ni ti katakata oko, G ni ti ọkọ̀ trélà, H ni ti ọkọ̀ tí ń wa ilẹ̀, J sì ni ti àwọn abirùn tí a ṣe ọkọ̀ ní àkànṣe fún.

Ẹni tí ó ní B, tí ó sì ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ tí ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Bí a bá mú un ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú, yóò rò pé ààlà ni ó mú un. Bẹ́ẹ̀ ni a ì bá mú un ní ìdí gáréèjì náà. Kí olúkúlùkù mú káàdì rẹ̀ jáde, kí ó wo lẹ́tà tí ó wà lára rẹ̀, kí ó sì wo ọkọ̀ tí ó ń wà.

ÌDÍ TÍ ÌWÉ MÉJÌ FI LÉWU

A lè fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gbé ní Ògijó, ó sì ń kó èrò láti Ìkòròdú. Ó ti ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, tí ó gbà ní ọ̀nà ẹ̀tọ́. Alárinà kan wá bá a ní gáréèjì, ó ní kí ó mú owó wá, òun yóò bá a gba "ti Ògùn" mọ́ ọn, kò ní ṣe ìdánwò, kò ní ya àwòrán níbikíbi. Awakọ̀ náà san owó, ó gba káàdì kan tí ń dán. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a dá a dúró ní ọ̀nà Ṣágámù. Dípò kí ó mú ojúlówó jáde, ó mú "ti Ògùn" jáde. Òṣìṣẹ́ náà fi nọ́ńbà rẹ̀ wò ó nínú ẹ̀rọ, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá ní àárọ̀ ti di ẹni tí ó ní ayédèrú ìwé ìjọba lọ́wọ́ ní ọ̀sán. A gba ọkọ̀, àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, olówó ọkọ̀ sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Owó tí ó fi ra ìyà fún ara rẹ̀ ni ó san fún alárinà.

Bí ìjàǹbá bá tún wá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á le sí i. Òfin fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ tí ó wà lójú pópó ní ìnṣọ́ránsì, kí ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe lè rí owó ìtọ́jú gbà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń béèrè bóyá ẹni tí ó wa ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ tí ó tọ́ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìwé bá ti jẹ́ ayédèrú, àwọn tí ó farapa ni yóò máa jìyà ẹjọ́ tí wọn kò dá sílẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣíwájú. Ní Amẹ́ríkà, ètò wọn yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ní New Jersey tí wọ́n sì ń kọjá odò lọ ṣiṣẹ́ ní New York lójoojúmọ́. Ti New Jersey tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń gbà, New York sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Bí ẹnì kan bá kó ilé rẹ̀ lọ sí New York pátápátá, 30 ọjọ́ ni a fún un láti pàrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó wá sí New Jersey ní 60 ọjọ́. Ilé ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn kì í wo ibi iṣẹ́.

Ní àtijọ́, àwọn awakọ̀ akẹ́rù kan níbẹ̀ máa ń kó ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ púpọ̀ pamọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ní ìhín, wọn a mú èyí jáde. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ní ọ̀hún, wọn a mú òmíràn jáde. Kò sí ẹni tí ó lè ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn pé. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ṣe òfin pé awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ ní ju ìwé àṣẹ kan lọ, ti ìpínlẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà. Ìdí kan náà ni ó wà lẹ́yìn ètò ti Nàìjíríà. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa ń ka àmì ẹ̀ṣẹ̀ sí ọrùn ẹni tí ó bá rú òfin, ìwé àṣẹ rẹ̀ ni ó sì ń kà á sí. Ẹni tí ó sáré àsápajúdé ní Ẹ̀pẹ́ àti ẹni tí ó sáré ní Ìjẹ̀bú-Òde lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ìwé kan ṣoṣo ni yóò fi í hàn, kí ó tó pa ẹlòmíràn.

Kí àwọn tí ń lọ sí òkè òkun sì rántí pé agbára ìwé àṣẹ Nàìjíríà kò rí bákan náà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá kó lọ láti Nàìjíríà lè fi í wa ọkọ̀ kékeré fún oṣù 12. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ AWAKỌ̀ ṢE BÍ A BÁ DÁ A DÚRÓ

Ní ọ̀nà tí ó kọjá ìpínlẹ̀ méjì, oríṣiríṣi aṣọ òṣìṣẹ́ ni awakọ̀ yóò rí. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà ní ọ̀nà Ìjọba Àpapọ̀. LASTMA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. TRACE wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọlọ́pàá wà ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Kí awakọ̀ dúró níbi tí kò léwu, kí ó kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì mú ojúlówó ìwé rẹ̀ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ìwé tí a gbà ní ìpínlẹ̀ kejì kò lágbára níhìn-ín, kí ó má ṣe jà, kí ó má sì ṣe fi owó bọ́ ara rẹ̀. Kí ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ti orílẹ̀-èdè ni, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ kí a mú òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó wà ní ọ́fíìsì. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ lóòótọ́, kí ó gba ìwé ẹ̀sùn tí a kọ, kí ó sì san owó náà sí ibi tí ìwé náà sọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù yóò máa gba ọkọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ààlà yóò sì máa wà ní Ògijó. Awakọ̀ tí ó ní ìwé kan ṣoṣo tí ó jẹ́ òtítọ́, tí lẹ́tà ara rẹ̀ bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí àdírẹ́sì rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn, kò ní ohun tí yóò fi máa bẹ̀rù ààlà náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Ní ọdún 1966, ìjọba wo ni ó ni Ìkòròdú? Ta ni ó ni Ṣágámù? Kí ni ó yí padà ní ọdún 1967 àti ní ọdún 1976?

2. Awakọ̀ kan ń gbé ní Ògijó, ó sì ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ǹjẹ́ ó nílò òmíràn láti wa ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde? Kí ni ìdí rẹ̀?

3. Nínú àwọn ìwé tí awakọ̀ ń kó kiri, èwo ni ti awakọ̀, èwo sì ni ti ọkọ̀?

4. Kí olúkúlùkù tí ó ní ìwé àṣẹ mú un jáde. Lẹ́tà wo ni ó wà lára rẹ̀? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ǹjẹ́ ibẹ̀ ni ó ṣì ń gbé?